Púlọ́ọ̀gì Mẹ́rin Nínú Iná Gàrí

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Nàìjíríà ni pé wọ́n ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Kùmásì tí wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyá mi tó jẹ́ Aṣàǹtí. Orúkọ bàbá mi ni wọ́n wò, bàbá mi sì ti kú nígbà náà, kò lè bá mi dá sí i. Mo wá dé àárín àwọn Yorùbá gan-an, mo lanu, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ bí ọmọ Gánà ṣe ń sọ̀rọ̀." Orúkọ tó lẹ̀ mọ́ mi nìyẹn, títí ó fi rẹ̀ mí láti máa bínú sí i.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìnísà, ìlú bàbá mi. Àwọn ẹbí gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n fún mi ní ẹní, wọ́n sì ń wo ẹnu ọ̀nà pé ìgbà wo ni màá tún gba ibẹ̀ jáde. N ò bá wọn wí. Àwa tá a dé láti Gánà nígbà náà pọ̀ bí eṣú, kò sí agbo ilé tí kò gba ẹni mẹ́ta mẹ́rin. Mo lo oṣù méjì, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo tẹ̀lé ojúlùmọ̀ kan wá sí Ìfọ̀.

Iṣẹ́ rewáyà ni mo kọ́ ní Kùmásì: iná ọkọ̀, fèrè ọkọ̀, bátìrì, àti gbogbo ohun tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbaná. Ní Ìfọ̀, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí ìdí rélùwéè, mo gbé pákó kan tì í tí mo kọ iṣẹ́ mi sí. Àwọn awakọ̀ á dé, wọ́n á kọ́kọ́ ní kí n sọ nǹkan kan ná kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ wọn. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn. Ebi ń pa mí, mo sì ti rí i pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kì í tún bá mi jiyàn lórí iṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Àwọn tá a jọ ń gbé ilé á jókòó síta, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọmọ ta ni ó fẹ́ ọmọ ta ni, ẹ̀gbọ́n ta ni ó ta ilẹ̀ ta ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló yé mi, n kò sì mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí wọ́n ń dárúkọ. Màá jókòó, màá máa mi orí. Nígbà míì màá rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ó máa ń rẹ̀ mí ju iṣẹ́ ojúmọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, mo gbọ́ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, mo sì kó lọ sí Mówè. Abúlé ni Mówè nígbà náà, ilé tí ènìyàn lè kà tán kó tó jẹun tán. Bọ̀ọ̀dá Múfú ló fún mi ní yàrá nínú ilé bàbá rẹ̀. Òun ló ń fa wáyà iná sí ilé àwọn òyìnbó ní Ìbàfò, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ń la ọ̀nà pa kám̀pù wọn sí. Ó tó ọdún mẹ́wàá tó fi jù mí lọ. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jẹ́ kí àkókò ìrun fò ó. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí mo dé, Màmá wò mí látòkè délẹ̀.

"Àwẹn ará Gánà ò fún ẹ lóúnjẹ ni?" ó bi mí, ó sì bu gàrí gbígbóná lé mi lọ́wọ́.

Bọ̀ọ̀dá Múfú náà ló mú mi lọ bá Bàbá Ẹyẹ. Òyìnbó àgbàlagbà kan ni, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà ọ̀nà. Ó ti fi ọdún mẹ́ta kan bàálù kékeré kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ nínú àgọ́ páànù kan ní kám̀pù. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, aṣọ àti gúlúù ló fi ṣe é. Ènìyàn méjì lè jókòó sínú rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ òyìnbó náà ní Bàbá Ẹyẹ, inú rẹ̀ sì dùn nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ẹ́ńjìnnì bàálù náà kì í ṣe ti bàálù. Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ará Japan kan tó forí gbá igi ní Èkó ló ti yọ ọ́. Kò ní písítìnì tó ń lọ sókè sódò bí ti àwọn ẹ́ńjìnnì tá a mọ̀. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí po nínú rẹ̀, púlọ́ọ̀gì méjì ló sì ń ṣáná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn mẹkáníìkì ti wá láti Èkó. Wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n dé e padà, wọ́n kí wa pé ó dàbọ̀. Èmi náà kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń ṣe é ni pé á gbaná wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí Bàbá Ẹyẹ bá ní kó sá gidi, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á wálẹ̀, iná á sì máa bú jáde láti ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì. Bàbá Ẹyẹ ní tí mo bá lè wò ó sàn, òun á bá mi sọ ọ́ ní ilé-iṣẹ́ kí wọ́n gbà mí bí òṣìṣẹ́ gidi, pẹ̀lú ìwé àti yàrá ní kám̀pù. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn gidigidi. Tí mo bá ní ìwé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó tún lè sọ fún mi pé kí n kó ẹrù mi. Mo sì lè ránṣẹ́ pe ìyá mi kó wá máa bá mi gbé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá àìsàn ẹ́ńjìnnì náà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Mo fọwọ́ kan kọ́ìlì bóyá ó ń gbóná jù. Mo ha kọ́ńtáàtì, mo fi páálí sìgá wọn àlàfo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára. Lọ́jọ́ kẹta, mo dijú, mo fi ìka tẹ̀lé wáyà kọ̀ọ̀kan láti dísíbútọ̀ tó ń pín iná títí dé ìdí púlọ́ọ̀gì, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní Kùmásì, nítorí ó ní ojú máa ń rí ohun tó ti pinnu láti rí. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣáná kí ti òkè tó tẹ̀lé e. Bàbá Ẹyẹ ti kà á fún mi látinú ìwé. Ìka mi rí i pé ní ẹ̀gbẹ́ kan, wáyà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti gbapò ara wọn.

"Ta ló fa wáyà yìí?" mo bèèrè.

"Èmi ni," Bọ̀ọ̀dá Múfú dáhùn. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Iná ilé lèmi mọ̀ o. Ilé kì í fò."

Mo dá wọn padà sí ipò wọn. Bàbá Ẹyẹ tẹ ẹ́, ẹ́ńjìnnì náà sì ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ fẹ́ fìlà kúrò lórí àwọn tó ń wòran. Bàbá Ẹyẹ dì mọ́ mi tọ́ìlì-tọ́ìlì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sọ ìtàn náà lójúde wa, wọ́n sì dárúkọ mi nínú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ ẹnì kan nínú ìtàn wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí Ìfọ̀ lọ pe ìyá mi, nítorí kò sí tẹlifóònù ní Mówè. Ní pósófíìsì Ìfọ̀, ọjọ́ kan gbáko ni. Ìfọ̀ á pe Èkó, Èkó á pe Ákírà, Ákírà á pe Kùmásì, Kùmásì á wá pe ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, aláṣọ á sì rán ènìyàn lọ pe ìyá mi ní ojúlé kẹta. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá fi dé, ìṣẹ́jú tí wọ́n fún mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A máa ń sọ èdè rẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi á yí ojú wò mí.

"Ṣé ò ń jẹun?" ó bi mí.

"Mò ń jẹun, Máàmé."

"Ṣé wọ́n ti ń kà ọ́ kún ènìyàn níbẹ̀?"

N ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní mo ti ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó, mo ní wọ́n ti fún mi níwèé, mo ní yàrá náà ní fèrèsé méjì. Wọn ò tíì fún mi ní nǹkan kan. Ó pariwo ayọ̀ débi pé mo gbọ́ tí aláṣọ ń bi í pé ta ló bímọ. Wọ́n sì gé wa.

Ẹ́ńjìnnì náà ṣì ní ìwà kan tí kò jọ ti ẹlòmíì: ó ń mu ọ́ìlì. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ọ́ìlì tó ń jó nínú rẹ̀ á máa di èédú sẹ́nu púlọ́ọ̀gì, púlọ́ọ̀gì á sì máa ṣáná bí ẹni tó ń tòògbé. Irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ kò sí ní Èkó. Bàbá Ẹyẹ ti kọ̀wé sókè òkun fún tuntun, ṣùgbọ́n kò lè dúró dè é. Apá kan ọ̀nà márosẹ̀ láàárín Mówè àti Ìbàfò ti gba ọ̀dà, wọn ò sì tíì ṣí i fún ọkọ̀. Ibẹ̀ ló fẹ́ ti gbéra. Lọ́jọ́ Túsìdé, katapílà máa padà sórí rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ló kù fún un.

Mo ní kó kó púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi. Ní Kùmásì, a kì í ju púlọ́ọ̀gì nù. A máa ń rẹ ẹ́ sínú pẹtiróòlù, a ó rì í sínú ẹ̀yinná títí èédú ẹnu rẹ̀ á fi jó tán, a ó wá bò ó mọ́ eérú kó tutù fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ọ̀gá mi máa ń tẹnu mọ́ jù ni eérú yẹn. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo ráyè. Màmá ti dáná, ó ti ń yan gàrí, mo sì ri púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ agbada rẹ̀.

"Kí lò ń sè síbẹ̀ yẹn?"

"Púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ká bá ẹ bu iyọ̀ sí i?"

Wọ́n jó mọ́, tánganran ìdí wọn funfun nini. Ibi tí mo ti ń wá eérú tí màá fi bò wọ́n ni ọkọ̀ Bàbá Ẹyẹ ti fọn fèrè lójúde. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi ẹ̀mú kó wọn jáde, mo tẹ́ wọn sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kí wọ́n lè tètè ṣeé dì mú. Wọ́n dún ṣìì. Mo gbọ́ ọ, Màmá náà gbọ́ ọ, ó yíjú wò mí. Mo sọ fún ara mi pé omi ara ewé ni.

A dé ojú ọ̀nà ọlọ́dà níbi tí bàálù wà, mo so púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan mọ́ wáyà rẹ̀ níta, mo wò ó. Iná búlúù, ó ń ta dáadáa. Mo dì wọ́n sẹ́nu ẹ́ńjìnnì, mo ní kí Bàbá Ẹyẹ máa lọ.

Bàálù náà sáré lórí ọ̀dà tuntun, ìrù rẹ̀ gbéra, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ gbéra. Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Ó ga tó igi ọ̀pẹ, ó ga tó ọ̀pẹ méjì. Èmi ò wo òkè, etí ni mo fi ń tẹ̀lé e. Mo gbọ́ ikọ́ kan. Mo gbọ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, ariwo àwọn òṣìṣẹ́ sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá Ẹyẹ darí rẹ̀ sí orí òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Táyà kan já, apá kan ya, egungun èjìká rẹ̀ sì kán. Nígbà tá a gbé e jáde, ó ń bú èébú ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, inú wa sì dùn pé ó lè bú wa.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti rí ẹni tó jẹ̀bi. Alábòójútó kám̀pù ní, "Wáyà yẹn náà ni. Ṣebí ọkùnrin yìí ló fà á sódì lẹ́ẹ̀kíní?" Gbogbo ènìyàn wo Bọ̀ọ̀dá Múfú. Ó ṣí fìlà.

"Ó lè jẹ́ wáyà mi, sà," ó ní.

Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é. Mo dúró nítòsí rẹ̀ débi pé mo lè fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Apá bàálù tó ya ni mo tẹjú mọ́.

Nígbà tí wọ́n túká, mo tú àwọn púlọ́ọ̀gì náà. Mo fi ọ́ìlì dúdú ra tánganran wọn, mo nù ún kúrò. Lára mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlà dúdú kan ṣẹ́kù, ó tín-ín-rín bí irun orí. Wọ́n ti sán. Iná tó yẹ kó ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ti ń gba ojú ìlà yẹn sá lọ. Tó bá wà níta, kò ní hàn. Inú ẹ́ńjìnnì tó gbóná, tí afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀ mọ́ ọn, ló ti máa ń hàn. Mo kó wọn sápò. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Inú ilé kan náà la wà, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Múfú. Láàárọ̀ mo máa ń lọ sí kám̀pù tí wọ́n ti lé e, òun á sì lọ bá aládùúgbò tún òrùlé ṣe. Nírọ̀lẹ́, Màmá á gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwa méjèèjì nínú abọ́ kan. Kò sẹ́ni tó yí ojú padà sí mi. Ká ní wọ́n ṣépè fún mi ni, ì bá rọrùn. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n fún mi ní ìwé iṣẹ́ ní kám̀pù pé kí n kọ ara mi sí i. Orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú. Mo jókòó ti ibi tí wọ́n kọ ìlú sí fún ìgbà pípẹ́. N ò lè kọ Kùmásì. Ìnísà kò mọ̀ mí. Mo kọ Mówè, inú mi dùn, ojú sì tì mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe ìgboyà ló wá mú mi sọ ọ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹni tó ti ń díbọ́n látàárọ̀ ṣúlẹ̀ pé òun jẹ́ ará ibì kan kò ní agbára tó pọ̀ tó láti tún máa díbọ́n nǹkan kejì.

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo wọlé tọ Bàbá Ẹyẹ lọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, tí wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́rùn. Mo to púlọ́ọ̀gì náà sórí aṣọ ìbora rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀yinná, ewé tútù, ariwo tí mo gbọ́. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Púlọ́ọ̀gì tó sán kò tó nǹkan. Èmi náà ti ba ohun tó ju èyí lọ jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni màá jókòó sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì yẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni n ò lè gbé fò." Ó ní kí n jókòó, mo ní n ò jókòó. Ó ní kí wọ́n lọ pe Múfú padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì mú ìwé mi wá. Kò fà á ya. Ó kàn pa á pọ̀ sí méjì, ó dá a padà fún mi bí ẹni pé mo gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàfò dé Mówè. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Bọ̀ọ̀dá Múfú, ó ń la igi fún Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eérú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe wáyà yín. Púlọ́ọ̀gì ni, èmi ni mo bà wọ́n jẹ́. Mo ti lọ sọ fún Bàbá Ẹyẹ. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́la."

"Mo mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì ni," ó ní.

Mo gbórí sókè.

"Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó ní o kó wọn látinú iná sórí ewé tútù, wọ́n sì dún. Èwo ló tún kù níbẹ̀ tí èèyàn ò ní mọ̀? Tánganran ni mo ń kàn mọ́gi iná lójoojúmọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ gbà pé wáyà yín ni?"

Ó ju àáké sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn, n ò tíì rí i kó bínú rí. "Bàálù ti fọ́ ná," ó ní. "Púlọ́ọ̀gì tuntun ti wà lọ́nà. Kò sẹ́ni tó tún máa tìtorí ẹ̀ já bọ́. Tí wọ́n bá lé èmi, ilé bàbá mi nìyí. Gàrí Màmá nìyí. Ìwọ ńkọ́? Tí wọ́n bá lé ìwọ, níbo lò ń lọ?"

Mo dojú bolẹ̀ padà.

"Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ẹ," ó ní. "O wá gbé e, o lọ dá a padà fún wọn."

"Múfú, jẹ́ kó dìde," Màmá ní láti ìdí agbada. "Gbogbo eérú mi ló ti kó sára."

N ò lè dìde. Mo sunkún níbẹ̀ lójú àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Kùmásì ni mo ti ń wá ẹni tó máa ṣe mí bí ọmọ ilé. Mo ti rí i. Ó wà nínú ilé tí mò ń sùn, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, mo sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án wò ó níran.